Èékánná Kan fún Ìgè

Ní ọjọ́ kẹjọ ikú Ìyá Àgbà, Áàfáà tó ṣe wáàsí níwájú ilé wa sọ pé ìyá onísùúrù ni, ìyá tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mo dúró lẹ́yìn níbi tí a ti ń bu oúnjẹ sàárà sínú ike, mo sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n bi í pé, Áàfáà, ta lẹ ń sọ? Ìyá Àgbà tèmi bá gbogbo àdúgbò jà. Ó bá ẹ̀yin fúnra yín jà lórí èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ò sì tíì gbàgbé. Àmọ́ mo panu mọ́. Ó ti mọ́ mi lára láti máa panu mọ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí n sinmi láti ọjọ́ tó ti kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi.

Ẹ má retí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí i, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ìsúndúnrin ni ilé bàbá rẹ̀, ọkọ ló fẹ́ ẹ wá sí Ẹ̀jìgbò, gààrí ló sì ń yan títí agbára rẹ̀ fi tán. Ọmọ mẹ́ta ló yè fún un. Àkọ́bí ni bàbá mi. Rájí ni wọ́n ń pè é ní Àbíjàn tó ń gbé, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò pè é ní nǹkan mìíràn ju Ìgè lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ ló mú wáyé. Ẹnì kejì ni Múfútáù, mẹkáníìkì, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ìlú níbí. Àbígbẹ̀yìn ni Àǹtí Ṣìfáwù, tó wà nílé ọkọ ní Ará.

Èmi ni Ràṣídá. Ìyá Àgbà nìkan ló ń pè mí ní Àṣàkẹ́. Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí Pàpá mú mi wálé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe sí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́hùn-ún. Ó sọ àpò mi kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Jaríìfù." Èdè Faransé ni. Àwọn ará Àbíjàn máa ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni mò ń bọ̀. Mo jókòó lórí àpò yẹn títí oòrùn fi kúrò lójú mi. Ìyá Àgbà jáde wá, ó bi mí ohun tí bàbá mi wí. Mo ní ó ní òun ń bọ̀. Ó wo ojú ọ̀nà díẹ̀, ó ní, "Àwa náà máa ń sọ ọ́ níbí tí a bá ń lọ. Dìde, wá jẹun."

Nígbà tí bàbá àgbà wa kú, tí Ìyá Àgbà sì ṣe opó tán, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Pàpá ti rò pé ọ̀rọ̀ ohun tí oníkálukú á máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ni, ó sì ti fẹ́ máa sọ tirẹ̀. Ìyá Àgbà ní kó dákẹ́. Ó ní òun ṣì lè yan gààrí, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n máa san òun bí owó iná. Iṣẹ́ ló pín fún wọn, ara rẹ̀ ló sì pín. Àǹtí Ṣìfáwù gba irun, nítorí pé nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, irun ìyá rẹ̀ ló máa ń dì mú kó tó sùn. Bàbá Kékeré Múfútáù gba ẹ̀yìn, nítorí pé ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta kó tó gbà láti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀; òun ni yóò máa fi róbù pa á lẹ́yìn. Ó wá yíjú sí bàbá mi.

"Ìgè, ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ fi hàn mí kí n tó rí ojú rẹ. Ìwọ lo ni èékánná ẹsẹ̀ mi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Pàpá ní, "Màámi, èmi tí mo wà ní Àbíjàn?"

Ó ní, "Èékánná kì í yára hù. Á dúró dè ọ́."

Wọ́n rò pé ó ń ṣeré. Ó gba nǹkan bí oṣù méjì kó tó yé wọn pé kì í ṣe eré. Ibà dá Àǹtí Ṣìfáwù dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó yẹ kó wá dirun, ó sì bẹ onídìrí kan ní Ẹ̀jìgbò níbí pé kó bá òun dì í fún ìyá òun. Obìnrin náà dé, Ìyá Àgbà kí i dáadáa, ó fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ó bá a sọ̀rọ̀ títí, ó sì sìn ín dé ojú títì pẹ̀lú irun tí ìlarun ò kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń wé ìborùn mọ́ orí kí Àǹtí mi tó lè gun ọ̀kadà wá láti Ará. Mo bi í pé kí ni onídìrí yẹn fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kò ṣẹ̀ mí. Onídìrí pọ̀ nílùú. Ọmọ ni mo bí."

Bàbá Kékeré náà ráhùn títí. Á ti ibi iṣẹ́ dé, á fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kí ọ́ìlì ọkọ̀ má bàa kan aṣọ ìyá rẹ̀, á wá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ láti fi róbù pa á. Ó ní lọ́jọ́ kan pé, "Màámi, ẹ̀yìn ń dun èmi náà o. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà látàárọ̀." Mo rò pé á bínú. Kò bínú. Ó bi í bóyá ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá Kékeré ní ṣé ó yẹ kí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́ ni, ṣé wọn ò rí òun ni. Ìyá Àgbà ní, "Wọn ò rí ẹ. Sọ fún wọn. Èmi sọ fún tèmi."

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí gbogbo àgbàlagbà tí mo mọ̀ nìyẹn. Àwọn ìyá yòókù ládùúgbò máa ń dákẹ́ kí ọmọ wọn fúnra rẹ̀ lè mọ ohun tó yẹ, tí ọmọ ò bá sì mọ̀ ọ́n, wọ́n á sunkún fún aládùúgbò. Ìyá Àgbà ò sunkún fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ ohun tó fẹ́ ketekete, lójú gbogbo wa, ó sì dúró dè é. Ó dúró jù. Inú ń bí mi sí i lórí ìdúró yẹn títí dòní.

Ọ̀rọ̀ Pàpá ni mo fẹ́ sọ, mo sì ń yí i ká.

Lọ́dọọdún, tí Iléyá bá ku bí ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ Àbíjàn á já a sílẹ̀ lójú títì. Kó tó jẹun, Ìyá Àgbà á ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá nínú bàsíà. Pàpá á rẹ ẹsẹ̀ náà sómi, á jókòó lórí àpótí, á gbé gìgísẹ̀ ìyá rẹ̀ lé orúnkún, á sì mú sísọ́ọ̀sì kékeré elékù dúdú kan jáde. Ìka kan, ìbéèrè kan. Òfin Ìyá Àgbà nìyẹn. Tí ìdáhùn ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, Pàpá á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lókè. Ṣé ó ń kírun lásìkò? Kí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀? Ta ló ń bu omi fún un tí ara rẹ̀ ò bá yá? Àwọn ìbéèrè tí kò lè bi í lórí fóònù ni, nítorí pé lórí fóònù gbogbo nǹkan ló máa ń dáa ní Àbíjàn. Mo ti rí i tí bàbá mi, ọkùnrin gìrìpá tó ní irùngbọ̀n, sunkún lórí ìka kẹrin.

Ìka kẹwàá ni ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì. Kì í yí ìbéèrè ti ìyẹn padà. "Àṣàkẹ́ ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi ọmọ yìí ṣe?" Èmi á ti rọra gbé igbá tàbí ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ kí n lè gbọ́. Pàpá á gbójú sókè, á wò mí, á sì wò mí pẹ́. Á ní, "Màámi, mo ń ronú lé e lórí." Á wá gé e, á sì rọra gé e. Nínú odindi ọdún kan, ìgbà yẹn nìkan ni bàbá mi máa ń wò mí tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń tún aṣọ mi ṣe kó tó dé orí ìka kẹsàn-án.

Ìgbà tó yá, kò wá mọ́. Ọdún àkọ́kọ́, wọ́n ti ibodè pa, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ọdún kejì, wọ́n ti ṣí i, kò wá. Ọdún kẹta, ó pè, ó ní iná ti jó ìsọ̀ òun, òun ò sì lè wọ Ẹ̀jìgbò lọ́wọ́ òfo kí àwọn èèyàn máa wo òun. Èmi ni mo di fóònù mú. Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ìgè, ọwọ́ òfo yẹn, ṣé ó ṣì lè di sísọ́ọ̀sì mú?" Pàpá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ó lè dì í mú. Ìyá Àgbà ní, "Ó ti tó nìyẹn. Máa bọ̀."

Kò wá. Bàtà ló fi ránṣẹ́. Dírẹ́bà ọkọ̀ Àbíjàn ló gbé e dé, sálúbàtà aláwọ rírọ̀ kan tí iwájú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, kí èékánná má bàa máa kọ́ lára rẹ̀. Ẹni tó bá rí bàtà náà á mọ̀ pé wọ́n ronú kí wọ́n tó rà á. Ìyá Àgbà yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó yìn ín, ó sì dá a padà fún dírẹ́bà. "Ẹ bá mi gbé e padà fún un. Ẹ ní kó wọ̀ ọ́, kó fi rìn wálé." Dírẹ́bà fi ṣe ẹ̀rín, ó sì fi bàtà sílẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà ní kí n gbé e tẹ̀lé e dé ibi tí ọkọ̀ wọn ti ń gbéra. Mo gbé e lọ. Pàpá ò mẹ́nu bà á títí dòní, èmi náà ò bi í.

Ní àsìkò yẹn ni Áàfáà wa, ẹni kan náà tó ṣe wáàsí lọ́jọ́ kẹjọ, wá bá a sọ̀rọ̀ pé ẹ̀sìn ò fẹ́ kí èékánná gùn tó bẹ́ẹ̀, pé ogójì ọjọ́ ò gbọdọ̀ kọjá lórí rẹ̀, pé kò dára fún àlùwàlá. Òótọ́ ni, Ìyá Àgbà náà sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó máa ń fi òkúta ibi àlùwàlá ha orí wọn kí wọ́n má bàa gùn kọjá ààlà, ṣùgbọ́n wọ́n ti nípọn, wọ́n sì ti ń ká. Ó gbọ́ Áàfáà tán. Ó ní, "Ẹ kọ̀wé sí Àbíjàn, Áàfáà. Tí ẹ bá ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sílẹ̀, orúkọ Ìgè ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí." Áàfáà ò yà sílé wa fún oṣù kan.

Màlámù tó ń gé èékánná kiri náà wà. Ọmọ Kàtsínà ni, á máa fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe kẹ́kẹ́-kẹ́kẹ́ láti òpópónà kan dé èkejì kí àwọn tó fẹ́ gé èékánná lè gbọ́. Tó bá dé iwájú ilé wa, Ìyá Àgbà á pè é jókòó, á bu omi fún un, kò sì ní na ẹsẹ̀ sí i. Ọdọọdún ni ọ̀rọ̀ wọn ń gùn sí i. Lọ́jọ́ kan ó bi í pé, "Ta ló ń gé ti ìyá tìẹ?" Màlámù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ronú, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Bó ṣe kúrò nílùú nìyẹn. A ò gbúròó sísọ́ọ̀sì rẹ̀ fún oṣù méjì. Ọjọ́ tó padà dé, tààrà ló wá síwájú ilé wa, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ìyá, mo ti lọ. Mo gé gbogbo ẹ̀." Ìyá Àgbà dì í lọ́wọ́ mú pẹ́. Lẹ́yìn tó lọ tán, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kò sì jẹun ọ̀sán.

Mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi náà níbí, nítorí pé èmi kì í ṣe olùwòran. Mo fẹ́ kí èékánná yẹn máa gùn. Tí Ìyá Àgbà bá ń kírun, tó sì foríkanlẹ̀, mo máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ṣe ń burú sí i ni inú mi ń dùn, torí mo rò pé kò sí bí ọmọ ṣe lè gbọ́ irú èyí kó má wá. Mo ti di obìnrin tó ní ìsọ̀ tirẹ̀, tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì, síbẹ̀ ọmọ ọdún méje tó jókòó lórí àpò ni mo jẹ́ tí mo bá ti wo ẹsẹ̀ yẹn.

Nígbà ọ̀yẹ́ tó kọjá, èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún wọ inú ẹran. Ẹsẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde sórí ẹní ìkírun. Nọ́ọ̀sì fún wa lóògùn, ó sì ní oògùn ò ní ṣiṣẹ́ bí a ò bá gé èékánná. Mo pe Pàpá láti ìsọ̀ mi.

"Ṣé ìwọ kọ́ ni télọ̀?" ló sọ. "Sísọ́ọ̀sì ò sí lọ́wọ́ ẹ ni? Gé e fún un, jọ̀ọ́."

"Pàpá, ẹ mọ̀ pé tiyín ni."

"Ràṣídá, Màámi ti dàgbà. Gé e."

Mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo mú sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé òwú dání. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ìyá Àgbà wo sísọ́ọ̀sì náà, ó wò mí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rù ìyẹn bà mí ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Mo rẹ ẹ́ sómi pẹ́, mo gé àtàǹpàkò díẹ̀díẹ̀, mo ń retí ìbéèrè. Kò bi mí. Mo gé ìka kejì, kò bi mí. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ò ní bi mí ní nǹkan kan ni?"

Ó ní, "Ìwọ tó ò ń gbé lọ́dọ̀ mi. Kí ni mo fẹ́ bi ẹ́ tí mi ò mọ̀?"

Mo gé mẹ́sàn-án. Bí mo ṣe di ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì mú, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó fi ìró bò ó. "Ìyẹn ti Ìgè ni. Fi í sílẹ̀." Mo rò pé agídí lásán ni. Mo ti gbàgbé ìbéèrè tó ń bá ìka yẹn rìn. Àbí mi ò gbàgbé, mo kàn ń díbọ́n fún ara mi.

Mo pe Pàpá pé mo ti gé e. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́hun á ṣe tìẹ náà fún ẹ." Ọmọ mi. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu rẹ̀. Mo ti yanu láti sọ pé ó ṣì ku ẹyọ kan, mo sì dánu dúró, torí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ "ọmọ mi" yẹn pẹ́ díẹ̀ sí i létí mi. Ó wá ní òun ti gba àyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé fún Iléyá nítorí ẹsẹ̀ yẹn. "Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí o ti gé e, ọkàn mi balẹ̀. Màá lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, kí ìsọ̀ tún dúró dáadáa."

Ó yẹ kí n pariwo nígbà yẹn. Mo ní, "Ó dáa, Pàpá."

Mo délé, Ìyá Àgbà bi mí, "Kí ni Ìgè wí?"

"Ó kí yín. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ṣé o sọ fún un pé ó ku kan?"

Mo ní mo sọ fún un.

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò bínú, kò dákẹ́ lójijì, kò ṣe ohunkóhun tí mo lè tọ́ka sí. Ó ní, "Ó ti gbọ́ nìyẹn." Ó sì ní kí n bá òun gbé ẹ̀gẹ́ wọlé kí ewúrẹ́ tó dé ibẹ̀.

Ó kú lẹ́yìn Iléyá, láàárọ̀ ọjọ́ Alàmísì kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. A sin ín kí ìrun Alásàrí tó pé, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Kò sí bí ẹni tó wà ní Àbíjàn ṣe lè bá a. Mo wà lára àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń bu omi. Alájà tó ṣáájú wa rí ìka ẹsẹ̀ náà, ó ní kí wọ́n bá òun wá nǹkan tí òun máa fi gé e. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Alájà, ẹ fi í sílẹ̀." Ó wò mí, ó sì fi omi ṣan abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí Ìyá Àgbà ṣe mú èékánná kan ṣoṣo yẹn lọ nìyẹn.

Pàpá dé ní ọjọ́ kẹrin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú ọkọ̀. Ó lọ síbi sàréè, ó padà, ó sì jókòó ṣáá láàárín èrò títí tí ọjọ́ kẹjọ fi pé. Nígbà tí Áàfáà ń wáàsí pé ìyá wa kì í bá ẹnikẹ́ni jà, mo rí Pàpá tó dorí kodò. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, tí Àǹtí Ṣìfáwù ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, Pàpá gbé àpótí sí iwájú àga Ìyá Àgbà, ó jókòó lé e bó ṣe máa ń ṣe. Ó ki ọwọ́ sápò, ó mú sísọ́ọ̀sì elékù dúdú jáde. Ó ní òun ò mọ ìdí tí òun fi mú un dání.

Ó ní, "Ṣé ó jẹ́ kí o gé gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní mẹ́sàn-án ni mo gé. Mo ní Ìyá Àgbà fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún un, ó ní ti Ìgè ni, mi ò sì sọ fún un. Mo ní, "Ó bi mí bóyá mo sọ fún yín. Mo parọ́ fún un. Mo ní mo sọ."

Kò jágbe mọ́ mi. Ì bá sàn kó jágbe. Ó yí sísọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó kú pẹ̀lú èrò pé mo mọ̀, mi ò sì wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pàpá."

Ó fi fìlà bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó bi mí pé ìka wo ni. Mo ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì. Ó gbójú sókè, ó sì wò mí, bó ṣe máa ń wò mí láyé ọjọ́un.

"Tìẹ ni ìyẹn," ló wí.

"Ẹ ò dáhùn ìbéèrè yẹn rí, Pàpá. Ẹ kàn máa ń ní ẹ̀ ń ronú lé e lórí. Kí lẹ fẹ́ fi mí ṣe?"

"Mi ò lè fi ẹ́ ṣe nǹkan kan mọ́, Ràṣídá. O ti dàgbà níbi tí mi ò sí. Ìwọ ló kù tó o máa sọ ohun tó o fẹ́ fi èmi ṣe."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ikùn ò jẹ́ kó débẹ̀ dáadáa. Ó bọ́ ọ ṣáá. Èékánná rẹ̀ ti gùn, wọ́n nípọn, wọ́n sì ń ká bíi ti ìyá rẹ̀. Kò ní kí n gé e. Ó kàn na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ níwájú àga tó ṣófo.

Inú ń bí mi, àánú ń ṣe mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo lọ gbé omi kaná. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo gbé bàsíà wá, mo rẹ ẹsẹ̀ náà, mo gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ lé orúnkún mi. Mo gba sísọ́ọ̀sì elékù dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì di àtàǹpàkò rẹ̀ mú. Kí n tó gé e, mo ní, "Pàpá, lọ́jọ́ tí ẹ sọ àpò mi kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí ẹ ní jaríìfù, ibo lẹ lọ?"